Omi ti gbàgbé, ara ò tíì gbàgbé: bí a ṣe ń fi àmì inú ara ẹ̀dá mọ ìlera òkun

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni mí. Apá òkun kan tó ya wọ ilẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi máa ń gúnlẹ̀ sí, tí odò kan láti oko sì ń ṣàn wọ̀, ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Mo bu omi níbi mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo èsì tí yàrá àyẹ̀wò fún mi ló wà lábẹ́ ìwọ̀n tí òfin fàyè gbà. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja ibẹ̀ ní ẹja ti wọ́n, mọ́sẹ̀lì, ẹ̀dá oníkarahun méjì tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, náà sì ń kú. Alábòójútó iṣẹ́ mi ní kí n lọ wọn báyómákà. Èwo nínú wọn ni kí n wọ̀n? Ṣé iye kan wà tó máa sọ fún mi tààrà pé ara òkun yìí dá tàbí kò dá?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwádìí. Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló le jù. Kò sí iye kan ṣoṣo tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí o lè gbà bi ara àwọn ẹ̀dá inú òkun náà léèrè, wọ́n á sì dá ọ lóhùn, bí o bá ti mọ ohun tí o fẹ́ bi wọ́n kí o tó mú abẹ́rẹ́ àti abẹ lọ́wọ́.

Jẹ́ ká ti orí omi tí o bù bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí o bu ìgò omi kan nìkan ni ìgò náà mọ̀. Lọ́pọ̀ etíkun, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún tó sì ń fà; ohun tí ẹnìkan dà sómi lóru lè ti rìn jìnnà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ májèlé ni kì í sì í fẹ́ dúró nínú omi rárá. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àti inú ọ̀rá ara ẹ̀dá ni wọ́n ń sá lọ. Nítorí náà èsì rẹ lè jẹ́ òótọ́, kí ọ̀rọ̀ àwọn apẹja náà sì jẹ́ òótọ́. Mọ́sẹ̀lì orí àpáta yẹn ò kúrò lójú kan. Tọ̀sán tòru ló ń fa omi yẹn sínú ìkarahun rẹ̀ méjèèjì, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń tú u jáde. Ohun tó bá omi kọjá lóru, inú ara rẹ̀ ló gbà kọjá.

Báyómákà tí alábòójútó rẹ ń sọ ni àyípadà kan nínú ara ẹ̀dá abẹ̀mí, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, òróòro tàbí sẹ́ẹ̀lì, tí a lè wọ̀n, tó sì ń fi hàn pé nǹkan kan ti kan ara náà, tàbí pé nǹkan náà ti ń ṣe é ní jàǹbá. Jọ̀wọ́, fi àwọn gbólóhùn méjì yẹn sọ́kàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ó kàn án, ó ṣe é ní jàǹbá. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ti ń wọ́ ni pé ẹni tó wọn èkíní máa ń kọ ìwé rẹ̀ bí ẹni tó wọn èkejì.

Ohun tó rọrùn jù ni kí o wọn májèlé náà fúnra rẹ̀ nínú ẹran ara mọ́sẹ̀lì. Lọ́dún 1975 ni Edward Goldberg, onímọ̀ kẹ́míkà òkun ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi mọ́sẹ̀lì ṣọ́ òkun káàkiri ayé. Láti 1986 ni NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ti ń ṣe é ní etíkun Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Mussel Watch. Mọ́sẹ̀lì dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé kì í rìn, ó pọ̀, kò sì lágbára púpọ̀ láti fọ́ àwọn májèlé PAH, ìyẹn àwọn tó ń bá epo rọ̀bì àti èéfín wá, sí wẹ́wẹ́. Ohun tó wọlé á dúró díẹ̀ kí o bá a níbẹ̀.

Ẹja ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹja máa ń tú PAH palẹ̀ kíákíá, á sì dà á sínú òróòro. Bí o bá wá PAH nínú ẹran ẹja, o lè má rí nǹkan kan, kí o wá rò pé ara ẹja náà mọ́. Inú òróòro ni kí o wò. Ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí ẹja bá ti jẹun, òróòro rẹ̀ á tú sínú ìfun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a kó ẹja sínú táǹkì lórí ọkọ̀, ọ̀kan nínú wa ṣàánú wọn, ó sì fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí a la inú wọn lọ́jọ́ kejì, àpò òróòro wọn ti rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀, kò sí nǹkan kan tí abẹ́rẹ́ máa fà nínú rẹ̀. Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń kọ ọ́ sára táǹkì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbín òkun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ dáadáa, torí kò sí báyómákà tó tún rìn dé òpin bíi tirẹ̀. Orí àpáta etíkun àríwá Òkun Àtìláńtíìkì ni ìgbín náà ń gbé, Nucella lapillus ni orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Blaber kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn abo ìgbín yìí ní Plymouth Sound, ní England, ti ń hu ẹ̀yà ara akọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Plymouth, Bryan àti Gibbs wà lára wọn, rí i pé TBT ló fà á. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sí ìdí ọkọ̀ ni, kí ewédò àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kéré débi pé ó máa ń ṣòro láti rí i nínú omi: kò tó náánógíráàmù kan nínú lítà omi kan. Ìyẹn ni pé gíráàmù kan, tí a bá pò ó mọ́ bílíọ̀nù kan lítà omi, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara abo ìgbín padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ìgbín náà rèé. Okó kékeré á yọ lẹ́yìn ojú rẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá àtọ̀ tí kò yẹ kí abo ní á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bí TBT bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀pá yìí á máa gùn sí i, títí á fi hù bo ojú ihò tí ẹyin ń gbà jáde. Àpò ẹyin á wá há sínú, á dúdú, á máa jẹrà. Ìyá náà á kú. Ọmọ ìgbín yìí kì í sì í léfòó lórí omi bí ọmọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkun; láti inú àpò ẹyin ló ti ń rá bàbà jáde sórí àpáta. Bí àwọn abo orí àpáta kan bá tán, omi ò ní gbé òmíràn wá fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Àpáta á ṣófo.

Ṣé o rí i bí okùn yẹn kò ṣe já níbì kan: láti inú ọ̀dà, dé ara ìgbín kan, dé ẹyin tí kò rọ́nà jáde, dé àpáta tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀ mọ́? Ohun tó jẹ́ kí àwọn aṣòfin gbọ́ nìyẹn. Faransé ti kọ́kọ́ ká ọwọ́ TBT kò lára ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1982, nígbà tí ọ́sítà, ẹ̀dá oníkarahun tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ ní Arcachon Bay níbẹ̀, kò rọ́mọ mọ́, tí ìkarahun wọn sì ń nípọn gbàgìdì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ náà jáde lábẹ́ IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, lọ́dún 2001, ó sì di òfin lọ́dún 2008. Ìgbín ti ń padà sórí ọ̀pọ̀ àpáta tó ti ṣófo nígbà náà, inú mi sì máa ń dùn gidigidi bí mo bá rí àpò ẹyin wọn, tó pọ́n díẹ̀ bí àgbàdo gbígbẹ, nínú pàlàpálá òkúta.

Etíkun ọkọ̀ ni tìrẹ náà, nítorí náà kọ́kọ́ wo àwọn ìgbín òkun ibẹ̀. Ó lé ní igba irú ìgbín tí wọ́n ti rí àyípadà yìí lára wọn. O ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: ohun tí o máa fi fọ́ ìkarahun àti máíkírósíkóòpù ti tó. O máa fún abo kọ̀ọ̀kan ní ipò, láti òdo títí dé mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá àtọ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. TBT ti ọ̀dà àtijọ́ lè wà nínú ẹrẹ̀ èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà má ṣe rò pé òfin 2008 ti parí ọ̀rọ̀ náà níbi tí o wà.

Àwọn mọ́sẹ̀lì tó ń kú ńkọ́? Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù fún wọn ni ti neutral red, ìyẹn aró pupa kan. Fi abẹ́rẹ́ tí o ti fa omi oníyọ̀ díẹ̀ sí lára fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó ń pa ìkarahun méjèèjì dé. Kán an sórí gíláàsì, fi í síbi tútù tó ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú 15 kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ọn. Kán aró náà sí i, kí o wá wò ó. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, aró á kó jọ sínú àwọn àpò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní lísósómù, á rí bí ẹ̀kán pupa tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn àpò yìí ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pa ìdọ̀tí rẹ̀ run, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ májèlé ń kó sí. Bí awọ àpò náà bá ti rẹ̀, kò ní lè dá aró dúró. Á máa jò, gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, sẹ́ẹ̀lì náà á ká jọ róbótó.

Máa padà wò ó ní ìṣẹ́jú 15 síra títí wákàtí kan á fi pé, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú 30 síra. Ìgbà tí ìdajì sẹ́ẹ̀lì bá ti ń jò ni o máa kọ sílẹ̀. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú 120 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara mọ́sẹ̀lì náà dá. Láàárín 50 sí 120, ìnira wà lára rẹ̀. Bí kò bá tó 50, ìnira náà ti pọ̀ gan-an. Ọ̀sán gbogbo ni iṣẹ́ yìí máa gbà, ojú á máa ro ọ́, ṣùgbọ́n jàǹbá ló ń wọ̀n, kì í ṣe ìfarakàn lásán. Ohun tí kò lè sọ ni orúkọ ẹni tó ṣe é: epo, irin olóró, oògùn oko, ooru pàápàá lè mú kí àpò náà jò.

Níbi tí o bá ti fẹ́ orúkọ, ẹ̀dọ̀ ẹja lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CYP1A. Bí PAH tàbí PCB, ìyẹn àwọn kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná láyé àtijọ́, bá wọlé, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe é jáde púpọ̀ láti fi bá wọn jà. Àyẹ̀wò EROD la fi ń mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó: a ó lọ ẹ̀dọ̀ náà, a ó fún ẹ́ńsáìmù yìí ní kẹ́míkà kan tó máa sọ di resorufin, tó ń tàn pupa bí iná bá kàn án. Bí ìtànṣán náà bá ṣe ń yára pọ̀ la ó fi mọ bí ẹ̀dọ̀ náà ṣe ń jìjàkadì tó.

Ọkọ̀ Exxon Valdez kọ lu àpáta abẹ́ omi ní Prince William Sound, ní Alaska, lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1989, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì sì dà sínú òkun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú omi ti mọ́. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ òkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní harlequin, etí omi ló ti ń wá oúnjẹ láàárín òkúta. Àwọn onímọ̀ mú wọn, wọ́n gé ẹ̀dọ̀ bíńtín lára wọn, wọ́n rán an, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Títí di 2009, CYP1A àwọn tó ń gbé níbi tí epo ti dé ṣì ga ju ti àwọn tó ń gbé níbi tí kò dé lọ. Ogún ọdún gbáko! Epo náà ti sá pamọ́ sábẹ́ òkúta etíkun, ìgò omi kankan kò sì lè rí i níbẹ̀.

Síbẹ̀, "ó kàn wọ́n" nìkan ni èyí sọ. Kí wọ́n tó lè sọ pé ó ṣe wọ́n ní jàǹbá, wọ́n ní láti so ẹ̀rọ atọpasẹ̀ mọ́ àwọn abo, kí wọ́n ka iye tó la ìgbà òtútù já. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn tó kú nígbà òtútù pọ̀ níbi tí epo dé ju ibi tí kò dé lọ. Ohùn méjèèjì yẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà dúró.

Ó kù díẹ̀ lórí EROD, torí ó máa ń tan èèyàn. Bí abo ẹja bá fẹ́ yé ẹyin, họ́mọ́nù rẹ̀ á fa CYP1A wálẹ̀. Ẹni tó bá pa akọ pọ̀ mọ́ abo, tàbí tó lọ pẹja ní oṣù ìyéyin níbì kan àti ní oṣù mìíràn níbòmíì, ìgbà ìbímọ ló wọ̀n, kì í ṣe májèlé. Ìtànjẹ kejì le ju ìyẹn lọ. Ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ Fundulus heteroclitus ń gbé nínú Elizabeth River ní Virginia àti èbúté New Bedford ní Massachusetts, níbi tí PAH àti PCB ti pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìran wọn ti yí padà débi pé ètò tó ń jí CYP1A dìde ti dákẹ́ nínú ara wọn. Bí o bá bu májèlé lù wọ́n, EROD wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Ẹni tó bá wo EROD wọn nìkan á kọ ọ́ pé omi ibẹ̀ mọ́ lóló.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú. Odò tó ń bọ̀ láti oko wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, nítorí náà wọn acetylcholinesterase nínú ẹran mọ́sẹ̀lì. Ẹ́ńsáìmù iṣan ara ni, àwọn oògùn apakòkòrò irú organophosphate àti carbamate ló ń dì í lọ́wọ́. Níhìn-ín, kí iye wálẹ̀ ni àmì burúkú. Bí omi ẹ̀gbin ilé bá ń wọ ibẹ̀, wo vitellogenin nínú ẹ̀jẹ̀ akọ ẹja. Purotéènì ẹyin ni, abo ló ń ṣe é. Bí ó bá pọ̀ lára akọ, bí wọ́n ṣe rí i lára ẹja flounder ní ẹnu odò Tyne àti Mersey ní England, ohun kan tó ń ṣe bíi họ́mọ́nù abo ti wọ omi. Metallothionein, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú kíndìnrín ẹṣin lọ́dún 1957, máa ń pọ̀ bí irin bíi kádímíọ́mù àti bàbà bá wọlé, ṣùgbọ́n ìyéyin àti ebi náà máa ń gbé e sókè, n kò sì ní fi í ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo láéláé.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nínú ìfun èèyàn, kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ cholesterol di coprostanol. Bí ìpín coprostanol nínú òun àti cholestanol, èròjà mìíràn tó jọ ọ́, lápapọ̀ bá ju 0.7 lọ nínú ẹrẹ̀ rẹ, ìgbẹ́ èèyàn ti dé ibẹ̀, bí ó ti wù kí omi òkè mọ́ tó.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá wà nípò rẹ rèé. Màá wá mọ́sẹ̀lì láti ibi tó mọ́, tí ìwọ̀n gígùn wọn bára mu, màá kó wọn sínú àgò, màá sì so àgò náà sí ibi mẹ́fà tí o ti bu omi, kí ọ̀kan sì wà níbi tó mọ́ yẹn kan náà. Láìsí ti ibi tó mọ́, iye tí o bá rí ò ní ohun tí wàá fi í wé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, màá kó wọn: díẹ̀ fún neutral red lọ́jọ́ yẹn gan-an, díẹ̀ sínú náítírójìn olómi lójú ẹsẹ̀ fún acetylcholinesterase, torí ẹ́ńsáìmù kì í dúró de ẹni tó ń wá yìnyín kiri, díẹ̀ fún PAH àti irin. Màá kó àwọn tó kù síbi tútù tó lọ́rìnrìn, láìsí omi, kí n ka ọjọ́ tí ìdajì wọn máa fi kú. Àyẹ̀wò yìí ò ná ọ ní nǹkan kan ju sùúrù lọ: mọ́sẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá, èyí tó ti rẹ̀ gan-an kì í tó márùn-ún. Màá sì lọ sórí àpáta fúnra mi láti ka àwọn ọmọ mọ́sẹ̀lì tíntìntín. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń jò, tí ọmọ ò sì sí lórí àpáta, o ti ní ohùn méjì tó fẹnu kò.

Kí o tó so àgò àkọ́kọ́, lọ jókòó ti àwọn apẹja yẹn. Bi wọ́n léèrè oṣù tí mọ́sẹ̀lì máa ń yé ẹyin, kí o lè yẹra fún un. Bi wọ́n léèrè apá ibi tí òkú wọn ti kọ́kọ́ hàn, àti bóyá ẹ̀yìn òjò ni, ìgbà tí oko ń fọ́n oògùn ni, tàbí ìgbà tí wọ́n ń kun ọkọ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, sàmì sí i lórí àwòrán etíkun náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, ká lè jọ pinnu ibi tí àgò kọ̀ọ̀kan máa wà.